Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Irú Òkúta Tó Wà Lọ́wọ́ Yín àti Ọ̀nà Tó Gbà Di Òkúta

Àwọ̀ ló kọ́kọ́ máa ń wọ èèyàn lójú lára òkúta, òun náà ló sì máa ń ṣini lọ́nà jù. Quartz, ohun àlùmọ́nì kan tó wọ́pọ̀ gan-an, lè funfun, ó lè pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ó lè ní àwọ̀ àlùkò, ó lè dúdú bí èéfín, ó sì lè mọ́ gaara débi tẹ́ ẹ máa rí ọwọ́ yín lódìkejì rẹ̀. Quartz náà ni gbogbo wọn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òkúta dunjú, bí àwọn wóró inú rẹ̀ ṣe di ara wọn mú ni kó kọ́kọ́ wò, torí ibẹ̀ ni ìtàn bó ṣe di òkúta wà. Orúkọ lè dúró dìgbà tó bá yá.

Ẹ jẹ́ ká ya ohun méjì sọ́tọ̀ ná. Ohun àlùmọ́nì ni ohun líle tó ṣẹ̀dá ara rẹ̀ láìsí ọwọ́ èèyàn níbẹ̀, tí èròjà rẹ̀ ní ìwọ̀n pàtó, tí àwọn átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ sì tò lọ́nà kan náà jálẹ̀jálẹ̀. Òkúta ní tiẹ̀ ni àpapọ̀ wóró ohun àlùmọ́nì, yálà irú kan ṣoṣo tàbí oríṣiríṣi. Ọ̀rọ̀ bí átọ́ọ̀mù ṣe tò yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré o. Carbon ni dáyámọ́ńdì, carbon náà ni graphite tó wà nínú pẹ́ńsù. Ọ̀kan ń ha ohun gbogbo, èkejì ń ha sára bébà lásán. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ wọn nìkan ló yàtọ̀.

Ohun àlùmọ́nì táwọn onímọ̀ ti fún lórúkọ lé ní 5,000, àmọ́ kẹ́ ẹ má fòyà. Oxygen àti silicon nìkan kó bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìwúwo èèpo ilẹ̀ ayé, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìwọ̀nba díẹ̀ tí wọ́n fi ṣe ni ẹ ó máa bá pàdé níbi gbogbo: feldspar, quartz, mica, amphibole, pyroxene, olivine, àti àwọn èròjà amọ̀. Ẹ fi calcite tó wà nínú òkúta ẹfun kún un, ẹ ti mú ọ̀pọ̀ jù lọ.

Ohun tẹ́ ẹ máa nílò

Ìṣó irin, wáyà bàbà díẹ̀, àfọ́kù dígí, táìlì tánganran kan (ẹ̀yìn rẹ̀ tí kò dán la máa lò), òòfà, fínígà, òṣùwọ̀n onígíráàmù, hámà, àti awò kékeré tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá. Awò tó ń dáàbò bo ojú náà kò gbọ́dọ̀ wọ́n níbẹ̀. Bí òkúta bá fọ́, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí èérún rẹ̀ máa fò lọ.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wá ojú tuntun lára rẹ̀

Òkúta tó ti pẹ́ níta ti gba oòrùn, ó ti gba òjò, ara rẹ̀ ti ṣá. Irin inú rẹ̀ ti dógùn-ún. Òkúta basalt (ọ̀kan lára èyí tó ti inú òkè ayọnáyèéfín jáde) tí ara rẹ̀ pọ́n bí ìpẹtà lè dúdú kirikiri nínú. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tó le, ẹ fi aṣọ bò ó, kẹ́ ẹ wá gbá igun rẹ̀ kan wọ́. Ojú tó bá ṣí sílẹ̀ nígbà náà ló ṣeé gbà gbọ́.

Irú kan wà tẹ́ ò gbọ́dọ̀ fọ́. Bí òkúta bá ní ohun tó rí bí òwú, tó ṣeé fà yọ ní fọ́nrán fọ́nrán, ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó wà. Ó lè jẹ́ asbestos, eruku rẹ̀ sì máa ń fa àìsàn ẹ̀dọ̀fóró àti jẹjẹrẹ ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí èèyàn bá ti fà á símú. Ẹ má sì fi ahọ́n tọ́ òkúta wò láti mọ̀ bóyá iyọ̀ ni. Àwọn kan ní òjé nínú, àwọn kan ní arsenic. Èérún díẹ̀ nínú omi gbígbóná tó láti mọ iyọ̀: á yọ́.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ìdàrọ́ àti kọnkéré. Ìdàrọ́, ìyẹn pàǹtí tó ń ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n bá yọ́ irin, dúdú, ó wúwo, ó kún fún ihò, ó sì máa ń dán bíi gíláàsì níbì kan. Ọ̀pọ̀ òkúta táwọn èèyàn ń gbé kiri pé ó já bọ́ látojú ọ̀run, kò ju ìdàrọ́ lọ.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wo bí àwọn wóró ṣe di ara wọn mú

Ẹ gbé awò náà sún mọ́ ojú gan-an, kẹ́ ẹ wá máa mú òkúta bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ títí tó fi mọ́lẹ̀ kedere. Ìbéèrè mẹ́ta lẹ máa bi í. Ṣé àwọn wóró náà wọnú ara wọn láìsí àlàfo kankan? Àbí wóró tó dá dúró ni wọ́n, tí nǹkan kan kàn lẹ̀ wọ́n pọ̀? Àbí ṣe ni gbogbo wọn pẹlẹbẹ tí wọ́n dojú kọ ọ̀nà kan náà? Àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́ òkúta iná (èyí tó dì látinú òkúta yíyọ́), ìkejì jẹ́ òkúta gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ (èyí tí èérún tó kóra jọ dì), ìkẹta jẹ́ òkúta aparadà (èyí tí ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yí padà). Mo ní “sábà”, torí mábù àti quartzite máa wá da ọ̀rọ̀ rú tó bá yá.

Granite, ọ̀kan lára àwọn òkúta iná, ni kẹ́ ẹ fi kọ́ ojú. Ẹ yí ojú tuntun rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú oòrùn. Àwọn ibì kan tó tẹ́jú máa kọ mànà, á sì tún pa bẹ́ ẹ ṣe ń yí i lọ. Feldspar nìyẹn, ó lè funfun, ó sì lè pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Láàárín wọn lẹ máa rí ohun aláwọ̀ eérú kan tó jọ gíláàsì, tí kì í kọ mànà, tí kò sì ní ìrísí kan pàtó. Quartz nìyẹn. Èyí tó dúdú tó ń dán, tí ẹnu ọ̀bẹ lè ṣí ní ewé kọ̀ọ̀kan, mica ni.

Kí ló dé tí quartz kò ní ìrísí tirẹ̀? Ìgbẹ̀yìn ló dé. Nígbà tí òkúta yíyọ́ ń tutù, feldspar àti mica ti gba ìjókòó wọn, kòrókòró tó ṣẹ́ kù láàárín wọn ni quartz rí gbà. Norman Bowen, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, ló fi ìdánwò inú iná ìléru ṣàlàyé èyí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún: olivine wà lára àwọn tó ń kọ́kọ́ dì nígbà tí ooru ṣì pọ̀ gan-an, quartz ló ń kẹ́yìn. Ẹni tó bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan lára granite, kò tún ní wò ó bí òkúta lásán mọ́.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ dán àwọn ohun àlùmọ́nì inú rẹ̀ wò

Líle ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Friedrich Mohs, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ló to ohun àlùmọ́nì mẹ́wàá láti orí èyí tó rọ̀ jù dé orí èyí tó le jù ní 1812: talc 1, gypsum 2, calcite 3, fluorite 4, apatite 5, feldspar 6, quartz 7, topaz 8, corundum 9, dáyámọ́ńdì 10. Èékánná yín wà ní nǹkan bíi 2.5, wáyà bàbà ní 3, irin ọ̀bẹ àti dígí ní 5.5 tàbí díẹ̀ sí i. Bí èékánná bá ha òkúta náà, kò le ju gypsum lọ. Bí òun bá ha dígí, ẹ ti wà lágbègbè feldspar àti quartz. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ha á tán, ẹ fi ìka tútù nu ibẹ̀. Bí ìlà náà bá pa rẹ́, irin ìṣó ló kàn yí sára òkúta, òkúta gan-an kò fara pa. Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń gbé e gba ibòmíràn. Ẹ má sì rò pé àlàfo tó wà láàárín nọ́ńbà kan sí èkejì dọ́gba: dáyámọ́ńdì fi ọ̀pọ̀ ìlọ́po le ju corundum lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà kan péré ló fi jù ú.

Ìyẹ̀fun ló kàn, mo sì fẹ́ràn ìdánwò yìí ju gbogbo wọn lọ. Ẹ fi òkúta náà ha ẹ̀yìn táìlì, kẹ́ ẹ wo àwọ̀ ìlà tó bá fi sílẹ̀. Hematite, ohun àlùmọ́nì tó ní irin nínú, lè dúdú kó sì máa dán bí irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù, àmọ́ ìlà tó máa fà pọ́n rokoso bí ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ. Magnetite tó jọ ọ́ máa fa ìlà dúdú, òòfà á sì gbá a mú. Àwọ̀ ara lè yàtọ̀, àwọ̀ ìyẹ̀fun kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Kìkì ohun tó bá le ju táìlì lọ, bíi quartz, ni kò ní fi ìyẹ̀fun sílẹ̀. Táìlì fúnra rẹ̀ ló máa ha.

Ẹ wá wo ibi tó ń là sí. Mica ń là sí ọ̀nà kan, ní ewé tín-ín-rín. Feldspar ń là sí ọ̀nà méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe igun gígún. Iyọ̀ àpáta ń là sí ọ̀nà mẹ́ta, èérún rẹ̀ sì máa ń rí bí àpótí kékeré. Calcite náà ń là sí mẹ́ta, àmọ́ àpótí tiẹ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Quartz kì í là, ṣe ló ń fọ́ bí ìdí ìgò, pẹ̀lú ojú tó tẹ̀ kòtò tó ní ìlà róbótó róbótó.

Fínígà wà fún calcite. Bí ẹyọ ẹ̀kán kan bá hó lára òkúta, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òkúta ẹfun tàbí mábù. Fínígà kò lágbára púpọ̀, nítorí náà ẹ fi ìṣó ha ibẹ̀ di ìyẹ̀fun kẹ́ ẹ tó kán an sí i, kẹ́ ẹ sì fi awò wo ìhó kéékèèké náà. Dolomite jọ calcite, àmọ́ kì í tètè hó bẹ́ẹ̀.

Ìwúwo ni mo fi kẹ́yìn torí ó gba sùúrù. Ẹ wọn òkúta náà ní gbígbẹ, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ gbé abọ́ omi sórí òṣùwọ̀n, ẹ dá a padà sí òdo. Ẹ fi òwú so òkúta náà, kẹ́ ẹ sì rì í sínú omi láìjẹ́ kó kan ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ abọ́. Nọ́ńbà tí òṣùwọ̀n bá gbé jáde ni kẹ́ ẹ fi pín ti àkọ́kọ́. Ohun tẹ́ ẹ bá rí ló ń sọ iye ìgbà tí òkúta náà fi wúwo ju omi tó gba àyè kan náà lọ. Bí òkúta bá wọn gíráàmù 265 ní gbígbẹ, tí òṣùwọ̀n sì kọ 100 nígbà tó wà nínú omi, 2.65 lẹ máa rí, ìyẹn ti quartz gẹ́lẹ́. Galena tó ní òjé nínú ń lọ sí 7.5, pyrite sí 5, wúrà gidi sì ń dé 19.3.

A ò lè dárúkọ wúrà ká má sọ̀rọ̀ pyrite. Àwọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ, àmọ́ ẹ̀yìn táìlì kò ní gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni: wúrà ń fa ìlà pupa rúsúrúsú tó ń dán, pyrite ń fa ìlà dúdú. Pyrite ń ha dígí, wúrà kò lè ṣe é. Ẹ fi hámà lù ú, pyrite á fọ́ yángá, wúrà á kàn tẹ́ pẹrẹsẹ. Mica tó ti ṣá náà máa ń tàn bíi wúrà nínú iyanrìn odò. Ẹ fi ìṣó tẹ̀ ẹ́, á là sí ewé, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ sọ ìdílé tó ti wá

Òkúta iná. Abẹ́ ilẹ̀ ni òkúta ti ń yọ́, ooru rẹ̀ sì máa ń tó ìwọ̀n 700 sí 1,200 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Òkúta yíyọ́ fúyẹ́ ju èyí tó yí i ká lọ, nítorí náà òkè ló máa ń forí lé. Bó bá há sí abẹ́ ilẹ̀, á tutù wọ́ọ́rọ́wọ́ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, àwọn kírísítálì (wóró ohun àlùmọ́nì tí átọ́ọ̀mù rẹ̀ tò létòlétò) á ráyè dàgbà, ojú lásán á sì rí wọn. Bó bá jáde látinú òkè ayọnáyèéfín, kíá ló máa tutù, wóró rẹ̀ á sì kéré débi pé awò ló máa ràn yín lọ́wọ́. Granite àti rhyolite ní èròjà kan náà, gabbro àti basalt náà bẹ́ẹ̀. Abẹ́ ilẹ̀ ni granite àti gabbro ti dì, ìta ni àwọn méjì yòókù. Bí òkúta bá mọ́ra láwọ̀, tí quartz wà nínú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ granite ni. Bó bá dúdú tó sì wúwo, ẹ̀gbẹ́ basalt ni. Basalt ló tẹ́ ìsàlẹ̀ òkun káàkiri ayé.

Obsidian yára tutù débi tí kírísítálì ò fi ráyè hù, gíláàsì ni. Pumice kún fún ihò afẹ́fẹ́ débi tó fi ń léfòó lójú omi. Bí basalt bá sì ń tutù, á máa súnkì, á máa sán. Báyìí ni nǹkan bí 40,000 òpó ṣe dìde ní Giant's Causeway lápá Àríwá Ireland, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́fà. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé agbẹ́kùúta ló gbẹ́ wọn.

Kì í ṣe inú iná nìkan ni kírísítálì ti ń hù, ṣá o. Ní 2000, àwọn awakùsà ní Naica, lórílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, já sínú ihò kan tí kírísítálì gypsum inú rẹ̀ gùn ju mítà 11 lọ. Omi gbígbóná tí ooru rẹ̀ kò yí padà púpọ̀ ló tọ́ wọn dàgbà. Bí kírísítálì bá ráyè, tó sì rí àkókò, ńlá ló ń dà.

Òkúta gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Òjò, afẹ́fẹ́, gbòǹgbò igi àti yìnyín ń fọ́ àpáta wẹ́wẹ́. Feldspar máa ń jẹrà di amọ̀, àmọ́ quartz kò gbọ́, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òun ló kún inú iyanrìn etíkun níbi púpọ̀. Odò á kó o, á sì máa jù ú sílẹ̀ bí agbára rẹ̀ bá ṣe ń dín kù: èyí tó tóbi lákọ̀ọ́kọ́, iyanrìn tẹ̀ lé e, amọ̀ gbẹ̀yìn níbi tí omi ti dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹrù tuntun á máa bọ́ lé ti àtijọ́ lórí, á fún omi inú rẹ̀ jáde, calcite, silica (èròjà inú quartz) tàbí ìpẹtà irin á sì lẹ àwọn wóró pọ̀.

Ìwọ̀n wóró ló ń sọ orúkọ. Bí wóró bá tóbi ju mìlímítà 2 lọ, tó sì rí roboto, conglomerate ni. Bó bá ṣe ṣóńṣó ṣóńṣó, breccia ni, ìyẹn ni pé kò tíì rìn jìnnà sílé kó tó dì. Láàárín mìlímítà 0.0625 sí 2, òkúta iyanrìn ni. Èyí tó bá kúnná ju ìyẹn lọ, tó sì ń ṣí ní abala abala, shale ni. Ẹ kán omi sórí òkúta iyanrìn, ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa mu ún. Ẹ fi àtàǹpàkò rà á, iyanrìn lè ṣí bọ́.

Àwọn kan ò ti inú èérún wá. Karawun àti egungun ohun abẹ̀mí inú òkun ló di ọ̀pọ̀ òkúta ẹfun. Omi òkun tó gbẹ ló fi iyọ̀ àpáta àti gypsum sílẹ̀. Igi àti ewé inú irà tí ilẹ̀ bò ló di èédú tí wọ́n ń wà. Bẹ́ ẹ bá rí karawun tàbí ìrísí ewé nínú òkúta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ìdílé yìí ló ti wá. Bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ojú ilẹ̀ ni òkúta gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bò, síbẹ̀ díẹ̀ ló jẹ́ nínú gbogbo èèpo ilẹ̀ ayé.

Ìpele òkúta gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kó dá James Hutton, onímọ̀ nípa ilẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Scotland, lójú pé ayé ti pẹ́ gan-an. Ní 1788, ó rí àpáta kan létíkun ní Siccar Point tí ìpele ìsàlẹ̀ rẹ̀ nàró, tí ti òkè sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú lé e lórí. Ìpele ìsàlẹ̀ ní láti kọ́kọ́ tẹ́, kó di òkúta, kó dìde dúró, kí omi jẹ orí rẹ̀, kí tòkè tó wá tẹ́ lé e. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kọjá ẹgbẹ̀rún ọdún díẹ̀.

Òkúta aparadà. Bí òkúta èyíkéyìí bá rì wọlẹ̀ jìn, tí ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ mú un, á yí padà láìyọ́. Bó bá yọ́ pẹ́nrẹ́n, ó ti di òkúta iná nìyẹn. Shale ló dáa jù láti fi wò ó: á kọ́kọ́ di slate, lẹ́yìn náà schist tí mica rẹ̀ ń dán lójú, nígbà tó bá sì le tán, á di gneiss tó nílà funfun àti dúdú. Shale àti slate jọra púpọ̀, nítorí náà ẹ fi ìṣó kàn wọ́n. Slate máa ń dún gan-an, ohùn shale kì í jáde. Acasta Gneiss ní Kánádà wà lára òkúta tó dàgbà jù lọ táwọn èèyàn tíì rí, ọjọ́ orí rẹ̀ ń lọ sí bílíọ̀nù 4 ọdún.

Ẹ rántí pé mo ní àwọn méjì kan máa da ọ̀rọ̀ rú. Òkúta ẹfun ló ń di mábù, òkúta iyanrìn ló ń di quartzite, àwọn méjèèjì kì í sì ní ìlà torí wóró wọn kì í ṣe pẹlẹbẹ. Àwọn méjèèjì ló sì lè funfun, kí wọ́n máa dán. Ìṣó àti fínígà ló máa là wọ́n: mábù gba ìṣó, ó sì ń hó, quartzite á ha ìṣó, kò sì ní dá fínígà lóhùn. Láti mọ quartzite yàtọ̀ sí òkúta iyanrìn, ẹ wo ibi tó fọ́. Òkúta iyanrìn ń fọ́ gba àárín wóró kan sí èkejì, ojú rẹ̀ á sì máa họni. Quartzite ń fọ́ gba inú wóró fúnra wọn kọjá, ojú rẹ̀ á sì jọ̀lọ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó sá mọ́ yín lọ́wọ́

Òkúta tí a ò mọ ibi tí wọ́n ti mú un ti sọ ìdajì ìwúlò rẹ̀ nù. Ẹ fi ọ̀dà funfun kan àmì kékeré sí igun kan tí kò ṣe pàtàkì, ẹ kọ nọ́ńbà sí i, kẹ́ ẹ sì kọ nọ́ńbà yẹn sínú ìwé pẹ̀lú ibi tẹ́ ẹ ti rí i, líle rẹ̀, àwọ̀ ìyẹ̀fun rẹ̀, àti bí wóró rẹ̀ ṣe rí. Ẹ fi kún un bóyá ara àpáta tó ta gbòǹgbò lẹ ti gé e tàbí ilẹ̀ lẹ ti ṣà á. Òkúta inú odò kì í sọ nǹkan kan nípa ibi tẹ́ ẹ dúró sí, òkè odò ni kẹ́ ẹ gbà lọ bẹ́ ẹ bá fẹ́ rí àpáta tó bí i. Èyí tẹ́ ò bá sì mọ orúkọ rẹ̀, ẹ kọ ìdílé rẹ̀ nìkan, kẹ́ ẹ fi àlàfo sílẹ̀ níwájú rẹ̀.